Ọjọ́ Tí Màmá Mi Pe Ìyá Ọkọ Rẹ̀ Lórúkọ

Bàtà kan ló fà á. Ìyàwó àbúrò mi, ọmọ tí wọ́n bí ní Houston níbí, tó jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń lálàá, ló rà á fún mi ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Mòrókò kan nítòsí Gulfton. Bàtà aláwọ ni, ó pupa rúsúrúsú, ó ṣẹnu ṣóńṣó, wọ́n sì tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo ṣí páálí rẹ̀ nínú kíṣìnì mi ní Fulshear, nínú ilé tí kò tíì gbọ́ òórùn kankan ju ti ọ̀dà tuntun àti ti ata tí mo bá dín lọ, ni òórùn awọ yẹn bá sọ lù mí nímú. Kì í ṣe òórùn dídùn o, ẹ má jẹ́ kí n tàn yín. Awọ tí wọ́n ti fi ìgbẹ́ ẹyẹlé rẹ kó tó rọ̀, èèyàn lè fọ̀ ọ́ títí dọ̀la, á ṣì máa rùn díẹ̀. Ìyàwó wa ní, "Àǹtí, ṣé ẹ ò fẹ́ràn ẹ̀ ni?" Mo ti padà di ọmọdébìnrin tó fẹ̀yìn ti ògiri nílùú Fẹ́ẹ̀sì, tó ń ké tantan láàárín ọjà, tí kò sí ẹni tó gbọ́ èdè rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ dé ilé ayé bá fóònù lápò gbogbo èèyàn, ó lè ṣòro fún yín láti gbà pé èèyàn lè sọnù lọ́sàn-án gangan. Láyé tiwa, à ń sọnù dáadáa. Àwọn ọdún 1990 ni mò ń sọ. Gulfton là ń gbé, nínú àwọn apátímẹ́ǹtì tó tò ti ara wọn bẹẹrẹ, àwọn ará Mẹ́síkò lókè wa, àwọn ará Pakisítáànì nísàlẹ̀, òórùn ọbẹ̀ gbogbo wa á sì pàdé lórí àtẹ̀gùn bó bá di ìrọ̀lẹ́. Bàbá mi ń ṣe sikiọ́rítì ní ọ́fíìsì ńlá kan ní Westchase. Màmá mi ń tọ́jú àwọn arúgbó nínú ilé wọn. Wọn ò tíì bí àbúrò mi nígbà náà, èmi nìkan ni wọ́n ní, gbogbo ariwo ilé sì wà lórí mi.

Ìgbà yẹn ni ìyá bàbá mi wá sọ́dọ̀ wa láti Ìsẹ́yìn, nítorí ojú rẹ̀ tó ti ń ṣú. Màmá Àgbà là ń pè é. Àwọn dókítà ṣe ìwọ̀n tí wọ́n lè ṣe, wọ́n ní kó máa ṣọ́ ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ tó kù. Ó tún ní ìtọ̀ ṣúgà. Tí ó bá ti gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ tán, tí oúnjẹ sì pẹ́ kó tó débẹ̀, ara rẹ̀ á máa gbọ̀n, òógùn á bò ó, ọ̀rọ̀ á dàrú mọ́ ọn lẹ́nu. Màmá mi ló ń fún un lábẹ́rẹ́, òun ló mọ àsìkò oúnjẹ rẹ̀, inú báàgì màmá mi sì ni bisikíìtì àti ṣúgà onígun máa ń wà níbikíbi tá a bá ń lọ. Ẹni tó bá rí àwọn méjèèjì á rò pé ọmọ àti ìyá rẹ̀ ni.

Àmọ́ ohun kan wà tí màmá mi kò lè ṣe. Kò lè pe Màmá Àgbà lórúkọ. Nílé tí wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, ìyàwó kì í pe orúkọ ìyá ọkọ, kì í pe ti bàbá ọkọ, kì í sì í pe ti ọmọ ilé tó bá lọ́kọ, ì báà jẹ́ ọmọ ọwọ́. Ṣe ló máa ń sọ wọ́n lórúkọ tirẹ̀. Àbúrò bàbá mi tó tínrín ni "Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́". Àǹtí mi tó rẹwà ni "Ìbàdíàrán". Bàbá mi alára ni "Bàbá Ọmọ Mi". Ọkọ̀ òfurufú tó gbé e wá sí Amẹ́ríkà kò gba àṣà yẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Tí nọ́ọ̀sì bá béèrè nílé ìwòsàn pé kí ni orúkọ aláìsàn, màmá mi á ní, "Màmá ni." Wọ́n á ní màmá ta ni? Á ní màmá wa ni. Á wá na pásípọ́ọ̀tù sí wọn kí wọ́n kà á fúnra wọn, wọ́n á sì kà á ní ìkàkúkà. Èmi á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú mi. Màmá mi á ní, "Máa rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ tó o bá délé ọkọ, ojú ẹ á là."

Nígbà tó tó àkókò tí Màmá Àgbà máa padà sílé, ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ló bẹ̀. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun yà ní Fẹ́ẹ̀sì, ìlú olódi àtijọ́ kan ní Mòrókò, níbi tí wọ́n sin ṣéèkì tí bàbá rẹ̀ kọ́ wọn ní wíríìdì rẹ̀, àdúrà ojoojúmọ́ rẹ̀, láti kékeré. Ó ní òun fẹ́ fi ojú tó kù yìí rí i kó tó ṣú tán. Ilé ìwé mi ti gba ìsinmi, Casablanca sì ni ọkọ̀ òfurufú wa máa yà kó tó dé Èkó. Bàbá mi ò rí àyè gbà níbi iṣẹ́. Èmi, màmá mi àti Màmá Àgbà la jọ gbéra. Ní pápákọ̀ òfurufú ní Houston, bàbá mi di ọwọ́ màmá mi mú, ó ní, "Ìyá mi ni mo fà lé ẹ lọ́wọ́ yìí o." Màmá mi ní kó fọkàn balẹ̀.

Kò sí bí mo ṣe lè sọ Fẹ́ẹ̀sì fún yín tán. Ẹnu ibodè rẹ̀ ńlá, búlúù ni níta, àwọ̀ ewé sì ni nínú, bíi pé ìlú méjì ló pín in. Odi rẹ̀ ga, ó ní ihò wẹ́wẹ́ káàkiri tí àwọn ẹyẹ ń wọ̀, tí wọ́n ń jáde. Màmá Àgbà fọwọ́ pa odi náà, ó ní, "Amọ̀ ni. Irú tiwa ni." Ó dúró tì í pẹ́ títí. Nínú odi yẹn, ọkọ̀ kankan ò lè wọlé. Ọ̀nà há débi pé èèyàn méjì tó bá sanra ní láti bẹ ara wọn kí wọ́n tó kọjá. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ló ń ru gbogbo ẹrù, àwọn tó ń dà wọ́n á sì máa pariwo "Bálàkì! Bálàkì!" kí a lè yà lọ́nà. Ní gbàgede àwọn alágbẹ̀dẹ bàbà, òòlù ń dún lórí ìkòkò láti àárọ̀. A wo inú mọ́sálásí ńlá kan láti ẹnu ọ̀nà, tí wọ́n ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń kẹ́kọ̀ọ́ nínú rẹ̀ láti ayébáyé, tí òrùlé rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé. A gorí ilé gíga kan, a wo ibi tí àwọn ọkùnrin ti ń rìn nínú kòtò aláró, tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ awọ. Wọ́n fún wa ní ewé míńtì kí a fi dí imú. Màmá Àgbà jẹ tirẹ̀.

Ọjọ́ kìíní la lọ síbi sàréè ṣéèkì. Màmá Àgbà jókòó láàárín àwọn obìnrin mìíràn, ó ń fa tẹ̀súbáà, omi ń dà lójú rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Adúláwọ̀ pọ̀ níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, àwọn ará Sẹ̀nẹ̀gàl, àwọn Háúsá láti Kánò, àwọn ìyá arúgbó aláṣọ funfun lọ́tùn-ún lósì. Nígbà tá a jáde, ó ní ohun tí òun wá ṣe láyé ti parí. Màmá mi ní, "Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́, Màmá." Ó rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ kejì, ọjà ló kù. Ó fẹ́ ra bàtà fún gbogbo ará ilé ní Ìsẹ́yìn, ó sì fẹ́ ná an fúnra rẹ̀. Ẹ ò rí nǹkan! Èdè Yorùbá ló fi ń ná ọjà fún ọmọ Mòrókò, tí ìyẹn náà ń fi èdè tiẹ̀ dá a lóhùn, tí wọ́n jọ ń jà, tí wọ́n jọ ń rẹ́rìn-ín. "Ìwọ ọmọ yìí, olè ni ẹ́," Màmá Àgbà á wí, ọkùnrin náà á fọwọ́ gbá àyà, á búra. Bó ṣe ń ná ọjà lọ, àsìkò oúnjẹ ọ̀sán ń lọ. Màmá mi ní kó jẹ́ ká jókòó jẹun. Ó ní ó kù bàtà kan. Ó tú ọwọ́ rẹ̀ lára màmá mi kó lè fi ọwọ́ méjèèjì yẹ awọ wò, nítorí ọwọ́ ló fi ń ríran nígbà yẹn.

Ibẹ̀ ni àwọn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ti dé. Ọ̀wọ́ wọn ni, wọ́n ru awọ tútù gègèrè, ọ̀nà kò sì tó wọn. Wọ́n pariwo, gbogbo èèyàn fọ́n, màmá mi fà mí mọ́ra, ó fi ara tì mí mọ́ ògiri. Awọ tútù yẹn gbá mi lójú bí wọ́n ṣe ń kọjá. Nígbà tí èyí tó kẹ́yìn lọ tán, tá a yíjú padà, oníbàtà ń ṣa ọjà rẹ̀ nílẹ̀. Màmá Àgbà kò sí níbẹ̀ mọ́.

Màmá mi kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Mi ò lè gbàgbé ẹ̀rín yẹn. Ó rò pé ó wà lẹ́yìn ẹlòmíràn ni. Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó wo inú ṣọ́ọ̀bù, ó wo ọ̀nà ọ̀tún, ó wo ti òsì, ẹ̀rín náà sì kú lójú rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ké, "Màmá! Màmá o!" Ó di ọwọ́ mi mú títí ó fi ń dùn mí, ó ń sáré, ó ń yà síbí, ó ń yà sọ́hùn-ún. Ọ̀nà kan á gbé wa lọ, á sì jù wá síbi ògiri tí kò ní ilẹ̀kùn. A ó padà. A ó tún bá ara wa níwájú alágbẹ̀dẹ bàbà kan náà. Báàgì tó ní ṣúgà àti bisikíìtì ń gbá màmá mi nídìí bó ṣe ń sáré, ó sì ń sọ fún ara rẹ̀ pé, "Kò tíì jẹun. Abẹ́rẹ́ àárọ̀ ti wọlé, kò sì tíì jẹun." Mo mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Gbogbo ìṣẹ́jú tá a ń lò lójú ọ̀nà, ó ń jáde lára Màmá Àgbà ni.

Ọlọ́pàá kan tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ dá wa dúró. Màmá mi ṣàlàyé: ìyá arúgbó, adúláwọ̀, aṣọ funfun. Ó rán àwọn èèyàn. Kò pẹ́ wọ́n fa ìyá arúgbó kan wá, adúláwọ̀, aṣọ funfun. Ará Sẹ̀nẹ̀gàl ni. Ó ń bínú gidigidi. Wọ́n tún fa òmíràn wá, ìyá Háúsá kan tó gbọ́ pé ìyá ẹnìkan sọnù, tó sì jókòó tì wá, tó bẹ̀rẹ̀ àdúrà láìjẹ́ pé ẹnì kan bẹ̀ ẹ́. Lónìí, tí mo bá ń sọ ọ́, wọ́n máa ń rẹ́rìn-ín, èmi náà sì máa ń rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ yẹn, mo tọ̀ sára.

Ọlọ́pàá náà ní, "Madáàmù, orúkọ rẹ̀. Sọ orúkọ rẹ̀, wọ́n á kéde rẹ̀ káàkiri." Màmá mi ya ẹnu. Mo rí i bó ṣe yà á. Orúkọ náà kò jáde. Ó ní, "Màmá ni." Ọkùnrin náà ní gbogbo wọn ni màmá. Màmá mi ní, "Màmá Houston." Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń kígbe "Màmá Houston" kiri ọjà Fẹ́ẹ̀sì o, orúkọ tí ìyá àgbàlagbà náà kò jẹ́ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Èmi náà gbìyànjú, mo sọ èyí tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn nọ́ọ̀sì, àmọ́ kò jọ orúkọ èèyàn kankan.

Màmá mi wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín ọjà. Ó ká ọwọ́ lérí. "Mo gbé o. Wọ́n á ní ìyàwó ló lọ gbé ìyá ọkọ ẹ̀ sọnù sílẹ̀ Lárúbáwá. Kí ni mo fẹ́ wí fún ọmọ ẹ̀? Olúwa, mú mi dípò ẹ̀." Mi ò rí àgbàlagbà tó sunkún bẹ́ẹ̀ rí. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ni pé kò sí ẹni tó lè sọ fún màmá mi pé ó ti tó.

Ọlọ́pàá náà ló mú wa lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń tẹ fóònù. Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́ ní Houston, bàbá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́ ni. Mo fi etí mi ti fóònù lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí màmá mi. Bàbá mi gbọ́ ọ tán. Kò bínú. Ó kàn béèrè pé, "Ṣé wọ́n ń hunṣọ níbẹ̀?" Màmá mi ò mọ̀. Ó ní, "Ẹ bi wọ́n. Ìdí òfì ni wọ́n bí Màmá sí. Tó bá gbọ́ ìró òfì, á tẹ̀ lé e. Ẹ lọ síbẹ̀." Lẹ́yìn náà ó ní, "Kó o sì pe orúkọ ẹ̀. Ṣó o gbọ́ mi? Mo yọ̀ǹda. Pè é." Màmá mi ní, "Bàbá Ọmọ Mi, ẹnu mi ò gbà á." Bàbá mi pariwo nínú fóònù, ohun tí kì í ṣe. "Ìyá mi ni! Pè é!"

Àdúgbò àwọn ahunṣọ kò jìnnà sí ibi tá a ti sọnù. A ti kọjá ẹnu ọ̀nà rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kí a tó débẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ, kẹ̀kẹ̀kẹ̀, igi ń lu igi. Ọkùnrin arúgbó kan dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ń wo ọ̀nà, bó sì ṣe rí wa ló na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó fà wá wọlé. Màmá Àgbà wà nílẹ̀ lórí òkìtì òwú. Bàtà tó ń ná ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ kan. Ojú rẹ̀ là díẹ̀, àmọ́ kò wo ohunkóhun. Òógùn ti rin aṣọ funfun rẹ̀ mọ́ ọn lára.

Màmá mi fi omi po ṣúgà, ó ń fi ìka rẹ̀ pa á sí i nínú ẹ̀rẹ̀kẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni, ó mọ̀ ọ́n. Ó pa á, ó dúró, ó tún pa á. "Màmá. Ẹ jọ̀ọ́, Màmá." Kò sí nǹkan kan. Nílé, bí èèyàn bá dákú, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pè é padà. Wọ́n á máa kígbe rẹ̀ sí i létí kó má baà lọ jù, ẹni tó bí i tàbí ẹni tó jù ú lọ ló sì máa ń pè é. Ta ló wà níbẹ̀? Ìyàwó ilé àti ọmọ ọmọ.

Màmá mi kúnlẹ̀ dáadáa, bí ìgbà tó ń kí i láàárọ̀. Ó kọ́kọ́ ní, "Ẹ foríjì mí." Ó wá sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń jí nǹkan. "Àṣàbí." Ó tún un sọ. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ohùn rẹ̀ là. "Àṣàbí! Àṣàbí o! Sàfúrátù Àṣàbí, ọmọ Ìsẹ́yìn, ọmọ ahunṣọ, má lọ! Mo ní o ò gbọdọ̀ lọ! Àṣàbí, dá mi lóhùn!" Ó gbá a léjìká. Ó ń pè é bí ẹni tó ń pe ọmọ tó bí. Òfì dákẹ́. Àwọn ahunṣọ dìde, wọn ò mọ ohun tó ń sọ, àmọ́ ó yé wọn pé orúkọ ni, ni arúgbó ẹnu ọ̀nà bá bẹ̀rẹ̀, ni gbogbo wọn bá gbè é, "Asabi! Asabi!" títí ilé náà fi kún. Èmi náà pè é. Mo pe orúkọ ìyá bàbá mi bí ọmọ tí wọn ò kọ́ nílé.

Ètè rẹ̀ kọ́kọ́ mì. Ó gbé ṣúgà mì. Ó pẹ́ kó tó ní, "Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, Màmá," ni màmá mi wí, ó sì dojú bolẹ̀.

Nígbà tá a padà dé hòtẹ́ẹ̀lì, tó ti jẹun, oòrùn ṣì wà lójú fèrèsé. Màmá mi ń bẹ̀ ẹ́ láìdákẹ́ pé kó má bínú. Màmá Àgbà ní, "Dákẹ́. Tún un pè." Màmá mi rò pé ó ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Màmá Àgbà ní, "Tún un pè kí n gbọ́. Gbogbo àwọn tó ń pè mí bẹ́ẹ̀ ti kú tán. Mo rò pé ìyá mi ni." Màmá mi ya ẹnu, bó ṣe yà á níwájú ọlọ́pàá, kò sì rí i pè. Màmá Àgbà dúró díẹ̀, ó wá yíjú sí ògiri. Ó ní, "Ó dáa náà."

A mú un délé láyọ̀, a sì padà sí Houston. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà ló kú ní Ìsẹ́yìn, nínú yàrá rẹ̀, lọ́sàn-án. Ọmọ tó ń gbé tì í kò mọ orúkọ mìíràn fún un ju Àlàájà lọ. Nígbà tí ìròyìn dé, màmá mi jókòó sílẹ̀ nínú kíṣìnì wa ní Gulfton, ìbéèrè kan náà ló ń bi gbogbo ẹni tó bá pè wá láti ilé: "Ta ló pè é? Ta ló wà níbẹ̀ tó pè é?" Wọ́n á ní kó gba kámú. Kò gba kámú. Ó wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn, a sì ń gbọ́ ọ níbẹ̀ tó ń pè é, Àṣàbí, Àṣàbí, títí ohùn rẹ̀ fi há.

Nǹkan ti yí padà o. Wọ́n ní odi Fẹ́ẹ̀sì ṣì wà lórí ìdúró, mi ò tíì padà lọ wò ó. Àwọn ẹlòmíràn ló ń gbé apátímẹ́ǹtì wa ní Gulfton báyìí, ó sì dá mi lójú pé ọbẹ̀ wọn ṣì ń pàdé lórí àtẹ̀gùn. Ní ìlú yìí, ọmọ tó ń ta kọfí á béèrè orúkọ rẹ, á kọ ọ́ sára ife, á kígbe rẹ̀ láàárín èrò, kò sì ní rántí rẹ̀ mọ́ kó o tó dé ìdí ọkọ̀. Mo ti wá mọ̀ pé kì í ṣe irú ìpè yẹn ni Màmá Àgbà ń tọrọ.

Gbogbo èyí ni mo sọ fún ìyàwó wa lọ́jọ́ tí mo ń wí yìí. Màmá mi, tó ti darúgbó, tó ń gbé lọ́dọ̀ mi, wà lórí àga gbọọrọ rẹ̀ nínú pálọ̀, mo sì rò pé ó ń sùn. Ó ní, "Ìyàwó, wá." Ọmọ náà lọ kúnlẹ̀, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Màmá mi ní, "Màmá ni kó o máa pè mí lójoojúmọ́. Ìyẹn ò yí padà. Àmọ́ Àdùkẹ́ lorúkọ mi. Sọ ọ́." Ó sọ ọ́, ó wọ́. Màmá mi tún un ṣe fún un lẹ́nu, títí ó fi bọ́ sí i. Ó wá fẹ̀yìn lélẹ̀, ó di ojú.

"Ó dáa," ó ní. "Mo ti dákú báyìí. Pè mí."

Ìyàwó wa wò mí, ó fẹ́ rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Àdùkẹ́." Màmá mi ò mira. Ó tún un pè. Màmá mi ò mira. Ó wò mí lẹ́ẹ̀kan sí i, ojú rẹ̀ ti yàtọ̀, ó wá di ọwọ́ màmá mi mú, ó ń mì í. "Àdùkẹ́! Màmá! Àdùkẹ́ o! Àdùkẹ́!" Ẹkún ti wà lóhùn rẹ̀.

Màmá mi jẹ́ kó pè é tó bó ṣe ń wù ú, kó tó ní, "Mo gbọ́."